Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Olùkọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Ìdí Àjọṣe Rere Múlẹ̀ Pẹ̀lú Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ọdún Ẹ̀kọ́

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, àwọn àgùnbánirọ̀, àti àwọn tí wọ́n ṣí nípò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ibòmíràn sábà máa ń bi àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama ni a ní lọ́kàn, yálà ti ìjọba tàbí ti aládàáni. Àwọn ìdáhùn kò gùn bákan náà, nítorí pé àwọn ìbéèrè kò wúwo bákan náà.

Kí ni àjọṣe rere láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé pé kí olùkọ́ máa bá ọmọdé ṣeré ni?

Rárá o. Ọmọ tó bá ti sọ olùkọ́ rẹ̀ di ẹgbẹ́ kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó ń wá ojú rere ọmọdé kiri kì í pẹ́ rí àbùkù. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ọmọ mọ̀ dájú pé olùkọ́ yìí mọ òun: ó mọ orúkọ òun, ó mọ àdúgbò tí òun ti ń wá, ó mọ ohun tí òun lè ṣe àti ibi tí iṣẹ́ ti ń nira fún òun, ohun tó bá sì sọ ní ọjọ́ Ajé náà ni yóò ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Olùkọ́ tí ojú rẹ̀ le lè ní irú àjọṣe yìí, nígbà tí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń pín bisikíìtì lè má ní in rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí olùkọ́ kan tí kì í ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tí a kò jẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré, torí a mọ̀ pé ọjọ́ tí a kò bá wá, yóò béèrè wa.

Àwọn onímọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n. John Hattie, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ilẹ̀ New Zealand, kó àbájáde àwọn ìwádìí rẹpẹtẹ jọ, ó sì gbé e jáde ní ọdún 2009. Ó fi òṣùwọ̀n kan wọn bí ipa ohun kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ ṣe tó, ó sì fi 0.40 ṣe ààlà láàárín ohun tó ń ran ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ ní pàtó àti ohun tí ipa rẹ̀ kò tó nǹkan. Àjọṣe olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì dé 0.72 lórí òṣùwọ̀n náà.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Àwọn ọmọ kì í sáà tíì pé nígbà náà.

Nítorí pé wọn kì í tíì pé gan-an ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba wa, a ti gbà láàárín ara wa pé iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé. Òbí á ní kí wọ́n gé koríko tán ná. Àwọn ọmọ kan ṣì wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí wọ́n ti lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Àwọn tó dé gbé ọkọ́, àdá àti ìgbálẹ̀ dání. Olùkọ́ á sì fa àga sábẹ́ igi máńgòrò, á máa retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lójú tèmi, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a ń fi ṣòfò tó o nínú gbogbo sáà.

Bí ọmọ ogún péré bá wá sí kíláàsì tí yóò di ọgọ́ta láìpẹ́, ogún orúkọ ni ẹ lè mọ̀ láìsí ìdàrúdàpọ̀. Ẹ jáde tọ̀ wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń gé koríko. Láàárín wákàtí kan, ẹ ó ti rí ẹni tó ń gba àdá lọ́wọ́ ọmọ kékeré kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í ṣe olórí, ẹni tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kò sẹ́ni tó pè é, àti ẹni tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìdánwò ìwọlé tó lè sọ èyí fún yín. Nígbà tí àwọn yòókù bá sì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọn yóò bá ogún ọmọ tó ti mọ bí kíláàsì yín ṣe ń lọ, àwọn yẹn ni yóò sì máa sọ fún wọn pé, "Tíṣà wa kì í gba ìyẹn o."

Ọmọ márùn-dín-láàádọ́rin ló wà nínú kíláàsì mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ orúkọ gbogbo wọn?

Kò ṣeé ṣe ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹ bá fi ètò sí i. Ẹ ya bí bẹ́ǹṣì ṣe tò sínú kíláàsì sórí ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó jókòó sí ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ìjókòó títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé. Lẹ́yìn náà, bẹ́ǹṣì méjì ni kí ẹ máa mú lójúmọ́. Bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin bá wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ mẹ́jọ lójúmọ́ nìyẹn, ẹ ó sì ti yí kíláàsì náà ká kí ọjọ́ kẹwàá tó pé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí mọ́nítọ̀ máa bá yín pín ìwé iṣẹ́ padà; ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa pín in, kí ẹ máa wo orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé, kí ẹ sì wá ojú tó ni ín.

Ẹ fi sùúrù pe rẹ́jísítà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà lè má jẹ́ èyí tí ọmọ ń jẹ́ lọ́kàn ara rẹ̀. Wọ́n lè kọ Rashidat síbẹ̀, kó jẹ́ pé Ìyábọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, ẹ béèrè pé, "Èwo ni o fẹ́ kí a máa pè ọ́ níbí?" kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì wá kó má ṣe fi ohùn ìlú tirẹ̀ pe orúkọ ọmọ kó sì máa bá ọmọ jiyàn lé e lórí. Kó tẹ́tí sí bí ọmọ náà ṣe pe ara rẹ̀. Bí Àyọ̀mídé bá jẹ́ mẹ́ta nínú kíláàsì, orúkọ bàbá ni kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe àwọ̀ ara tàbí ìrísí wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbọ́ "ẹ̀yin ìbejì" láti ìgbà tí wọ́n ti bí i mọ̀ nígbà tí ènìyàn bá sapá láti dá òun mọ̀. Ẹ wá àmì kan tí ẹ ó fi mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, kí ẹ pín wọn sí bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ bí wọn kò bá kọ̀, kí ẹ má sì ṣe fi máàkì ọ̀kan bú èkejì láé.

Ní ti oríkì, Àjàní, Àlàbí, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mọ ohun tó ń tu ọmọ kékeré lójú tó o, pàápàá ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó fẹ́ràn ọmọ ló ń fi oríkì pè é. Bí àjọṣe kò bá tíì wà, tí ẹ wá ń fi pe ọmọ ọdún mẹ́rìnlá níwájú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Ẹ dúró kó tó àkókò.

Orúkọ ìnagijẹ ńkọ́? Ẹ má ṣe dán an wò. "Olódo," "Orí ńlá," "Òǹgbọ̀" tí olùkọ́ sọ lẹ́ẹ̀kan lásán, àwọn ọmọ á gbé e dé òde. Àwọn baba ọlọ́mọ wà lágbègbè Tákìí tí wọ́n ṣì ń jẹ́ orúkọ tí tíṣà Pámárì kejì sọ wọ́n.

Ṣé ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ kí ọmọ? Ṣé kò ní sọ ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ?

Ọmọ ni yóò kí àgbà. Ìyẹn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìkíni ṣe rí nínú kíláàsì wa: gbogbo ọmọ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á fi ohùn orin kan náà kí olùkọ́, olùkọ́ á ní kí wọ́n jókòó. Ọgọ́ta ẹnu ló kí i, kò sì kí ẹnì kankan padà. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lẹ́yìn ìpéjọ òwúrọ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kúnlẹ̀ tàbí tó tẹ̀ríba pé "Ẹ káàárọ̀ mà," tí ẹ sì dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, "Káàárọ̀, Ìdòwú. Ara màmá ti le?", ẹ kò yẹpẹrẹ níbẹ̀, bí àgbà ṣe ń jẹ́ ìkíni nìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 dán irú ìkíni ẹnu ọ̀nà yìí wò nínú kíláàsì mẹ́wàá. Àkókò tí àwọn ọmọ fi ń gbájú mọ́ iṣẹ́ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra sókè, ìwà ìdàrúdàpọ̀ sì fi ìdá 9 dín kù. Olùkọ́ inú ìwádìí náà ń pe orúkọ ọmọ, ó ń sọ gbólóhùn rere kan, ó sì ń rán ẹni tó ṣe àṣìṣe lánàá létí ohun tó yẹ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ìyá àgbà wa nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní èyí. Kíláàsì ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan kì í wojú mi bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ṣé àfojúdi ni?

Ó sábà máa ń jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nílé tó ti wá, bí àgbà bá ń báni wí, ilẹ̀ là ń wò. Ẹni tó ranjú mọ́ àgbà ni wọ́n ń pè ní aláfojúdi. Olùkọ́ tó wá ń pariwo pé "Wò mí lójú nígbà tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀!" ti fi ọmọ sáàárín ẹ̀kọ́ ilé àti àṣẹ ilé-ìwé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe dorí kodò yẹn. Etí ló fi ń gbọ́, kì í ṣe ojú.

Àwọn kan kì í dáhùn ìbéèrè rárá. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má sì ká wọn mọ́. Nínú ìwádìí tí Mary Budd Rowe ṣe ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn tó bá ti bi ọmọ ní ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó tó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ náà kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ, níbi tí ogún ọwọ́ ti ń jù sókè tí wọ́n ń ké "Èmi sà! Èmi sà!", ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta máa ń gùn gan-an lára olùkọ́. Ẹ fara dà á.

Ṣé mo lè bá wọn sọ Yorùbá? Ilé-ìwé wa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́.

Òfin ilé-ìwé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ ta kò ó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ni ẹ ti máa sọ ọ́, kì í ṣe níwájú ọmọ. Ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyí: ọmọ tí ẹ kò gbà láyè láti fi èdè tó gbọ́ sọ pé inú ń run òun kò lè fọkàn tán yín. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń kọ́ni, ẹ jẹ́ kí Yorùbá jẹ́ èdè ìtùnú, èdè ìbáwí ìdákọ́ńkọ́ àti èdè tí ẹ fi ń béèrè àlàáfíà ilé.

Ṣé kí n fi pàṣán bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé n kò gba gbẹ̀rẹ́?

Olùkọ́ tó bá fi pàṣán bẹ̀rẹ̀ ti sọ fún àwọn ọmọ pé kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́. Wọn á dákẹ́ nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ariwo á sì gba òkè bí ẹ bá yà sí ọ́fíìsì. Ẹ tún jẹ́ kí òfin yé yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2006, kò fàyè gba ìyà tó lè pa ọmọ lára, tó lè ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, tàbí tó lè sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́. Kíkúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí ọmọ máa fo bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká, àti kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa hó lé e lórí wà lára ohun tó yẹ kí olùkọ́ ronú sí lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń mú kíláàsì dúró ni òfin díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ àti olùkọ́ tí kì í yẹ̀ lórí rẹ̀. Mẹ́rin tó. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni yóò jẹ́ kí a lè gbọ́ ara wa nínú kíláàsì yìí. Ohun tí wọ́n máa sọ kò ní jìnnà sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn: ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kì í fi ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í mú ohun ẹlòmíràn láìtọrọ, a ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún wa. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì sọ ohun tó ń tẹ̀lé e bí ẹnikẹ́ni bá rú u.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ẹnì kan yóò rú òfin náà, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ pásítọ̀, ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tàbí ọmọ tó mọ ìwé jù lọ nínú kíláàsì. Gbogbo kíláàsì á dákẹ́ láti wo ohun tí ẹ máa ṣe. Bí ọmọ alátà bá ti fi àkókò ìsinmi tún ìwé kíláàsì tò lánàá nítorí pé ó fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ tún ìwé tò lónìí. Ẹ má pariwo, ẹ má sọ ọ́ di ìwàásù. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń pe rẹ́jísítà. Ọmọ tó rí i pé òdodo wà nínú kíláàsì á gba ìbáwí lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ dun òun. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ bá ọmọ ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn kí ilé-ìwé tó jáde lọ́jọ́ náà, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Olùkọ́ ọdún tó kọjá ti sọ fún mi pé ọmọ kan burú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dúpẹ́, kí ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe ní pàtó àti ìgbà tí ó ń ṣe é, kí ẹ sì gbàgbé ìyókù fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní South San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò kan ti fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ yóò tayọ lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n kàn mú orúkọ wọn láìwo òye wọn. Nígbà tí ọdún parí, àwọn tí wọ́n dárúkọ nínú àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ti ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn gidi lórí bí ipa náà ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tí kò tíì rí i bí ìròyìn inú ọ́fíìsì olùkọ́ ṣe ń bá ọmọ wọ kíláàsì tuntun.

Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí a gbà láti ọwọ́ Raymond Wlodkowski, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan: ìṣẹ́jú méjì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá tẹ̀léra, ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun tí kì í ṣe ìwé tí kì í sì í ṣe ìwà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù, ẹyẹlé tó ń sìn, ọ̀kadà bàbá rẹ̀, ìdí tí àgbàdo oko wọn kò fi gbó dáadáa lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni mà" àti "Rárá mà" nìkan ló máa sọ, torí ó ń retí ibi tí ìbáwí yóò ti yọ. Ẹ má ṣe fi ìbáwí kún un o, àní bó bá tilẹ̀ ṣẹ ẹnìkan láàárọ̀ yẹn. Ẹ fi ìbáwí sí àkókò tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Ìyà wo ló tọ́ sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Aago mẹ́jọ lé ogójì ìṣẹ́jú ló dé, àwọn yòókù ti ṣe ìṣirò méjì. Epo pupa wà létí ọwọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, irun iwájú orí rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, bí ó sì ṣe ń yọ ìwé, òṣùká tó ká sínú báàgì rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀, ó sì yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ yìí ti gbé igbá mọ́ínmọ́ín yí Ọjà Jagun ká kí ẹ tó jí. Bí ẹ bá ní kó kúnlẹ̀ síwájú kíláàsì, ẹ ó kàn kọ́ ọ pé ọjọ́ tí ọjà kò bá tà tán, kó má wá rárá.

Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ní àkókò ìsinmi, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ béèrè aago tí ó ń jí, ẹni tó ń bá gbé, àti ìgbà tí ọjà máa ń tán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í máa da ìṣirò àárọ̀ kọ sórí ìwé kan fún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ lọ, kì í ṣe láti fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí kò ṣe láti wò ó bóyá ó ṣeé ṣe kí ọmọ fi ìdajì wákàtí ṣáájú kúrò ní ọjà. Ìdajì wákàtí ni kí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ìyá yóò fún yín ní ìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè fa òbí mọ́ra?

Ìṣòro tó wà ni pé òbí wa kì í gbọ́ ohùn olùkọ́ àyàfi bí ọmọ bá jà, bó bá ṣàìsàn, tàbí bí owó bá kù. Bí tíṣà bá yọ lọ́nà ọjà, àwọn aládùúgbò ìsọ̀ á ti máa pariwo pé, "Ìyá Ìdòwú, wọ́n ń wá ọ o, kí ni ọmọ rẹ tún ṣe?" Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òbí máa gbọ́ lẹ́nu yín jẹ́ rere, kó sì jẹ́ òótọ́. Ìpè orí fóònù ìṣẹ́jú kan tó: "Ẹ kú ọjà o, mà. Èmi ni tíṣà Ìdòwú. Kò sí wàhálà o. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé ó ran ọmọ tuntun kan lọ́wọ́ lónìí, inú mi sì dùn. Ẹ kú ìtọ́jú o." Òbí mẹ́ta lójúmọ́ lẹ ó máa pè. Bí ọ̀rọ̀ tí kò dùn bá wá délẹ̀ ní oṣù kejì, ìyá náà yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ òun.

Ẹ rántí pé ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ẹni tí ọmọ ń bá ṣiṣẹ́ ilé lè jẹ́ alágbàtọ́. Ẹ má ṣe bi ọmọ níwájú kíláàsì pé "Bàbá rẹ dà?"

Ọmọ tí kò tíì san owó, tàbí tí kò ní bàtà àti ìwé ńkọ́?

Òfin ọdún 2004 lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìparí girama kékeré. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fagi lé owó ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé ní ọdún 2019. Ní ti aládàáni, owó gbọ́dọ̀ wọlé, ó yé wa. Síbẹ̀, gbèsè òbí ni. Òbí ni kí ẹ fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Olùkọ́ tó ń ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sókè nínú kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè má rí ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ́ títí sáà yóò fi parí.

Àwọn ọmọ kan nínú kíláàsì mi kì í ṣe Yorùbá. Kí ni mo lè ṣe fún wọn?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí ọmọ Haúsá láti Sábó, ọmọ Fúlàní láti gáà, àti ọmọ àwọn àgbẹ̀ Tápà tàbí Àgàtú láti ọ̀nà oko. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó: "Ina kwana" lẹ́nu tíṣà Yorùbá máa ń mú ọmọ Sábó rẹ́rìn-ín, á sì tún un sọ fún yín bó ṣe yẹ kí ẹ pè é. Ẹ fi wọ́n jókòó ti ọmọ tó lọ́yàyà, kì í ṣe kí gbogbo wọn wà lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn.

Àgùnbánirọ̀ ni mí, n kò ní lò ju ọdún kan lọ. Ṣé ó tọ́ kí n sún mọ́ wọn?

Ó tọ́, bí ẹ bá sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí ẹ máa lọ. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹ ṣe ìlérí tí ẹ kò ní lè mú ṣẹ, bóyá ẹ̀bùn fún ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní tàbí ìrìnàjò lọ wo ọgbà yunifásítì LAUTECH, kí ẹ wá kó ẹrù yín lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Níbo ni ààlà wà?

Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ má ṣe dá wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ má ṣe máa bá akẹ́kọ̀ọ́ girama sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní alẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé bá wà, ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí tàbí sí ojú ìwé tí gbogbo kíláàsì wà. Ẹ má ṣe rán ọmọ lọ pọnmi tàbí fọ ọkọ̀ nílé yín. Bí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan hàn yín tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é léṣe, ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, kí ẹ sì gbé e tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ni mo máa rí tí n ó fi mọ̀ pé ó ń yọrí sí rere?

Ẹ má ṣe wo bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ wo bóyá ọmọ tí iṣẹ́ kò yé lè nawọ́ sókè sọ bẹ́ẹ̀ láìsí pé àwọn yòókù hó lé e lórí. Ẹ wo bóyá ariwo kíláàsì ń dín kù nígbà tí ẹ bá jáde. Ẹ wo bóyá ọmọ lè wá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n òun ló bá òun ṣe iṣẹ́ àmúrelé, kí ẹ tó bi í. Bí ẹ kò bá tíì rí ọ̀kankan nígbà tí ìsinmi àárín sáà bá dé, ẹ padà sórí àwòrán ìjókòó yẹn, kí ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ọmọ tí ẹ kò lè sọ ohun kan nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí máàkì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gba kíláàsì ní àárín sáà lọ́wọ́ olùkọ́ tó lọ fún ìsinmi ìbímọ. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ẹ má ṣe yí òfin tí ẹ bá níbẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sọ ohun tí kò dára nípa olùkọ́ tí wọ́n ti mọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà àwòrán ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ní, bí kò bá sì ní, ẹ ya tuntun ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé.